Ojú Gba Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, Ẹnu Gba Mẹ́rin

Láyé ìgbà tí ẹranko ṣì ń fi ara wọn jọba, tí ìgbín ṣì máa ń tètè dé ìpàdé, igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Igbó Amóríyá. Kìnnìún ló jọba níbẹ̀. Ọba rere ni o. Ẹni tó bá ní kì í ṣe ọba rere, wọn kì í rí onítọ̀hún mọ́ láti bi í pé kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà gbogbo ẹni tó ṣẹ́kù ló gbà pé ọba rere ni.

Nínú igbó yìí, Aláǹtakùn ta okùn kan tí ojú kò rí irú rẹ̀ rí. Láti ààfin ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba orí igi, ó gba abẹ́ koríko, kò sí ihò ẹranko tí kò dé. Ọgọ́rùn-ún fọ́nrán ni Aláǹtakùn lọ́ pọ̀ kí ó tó di okùn kan. Ní ẹnu ọ̀nà oníkálukú, ó ta àwọ̀n kan tó fẹ̀ tó atẹ. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, àwòrán á yọ lójú àwọ̀n náà: ijó, ìjàkadì, oríṣiríṣi. Okùn yìí kan náà ló tún ń gbé ọ̀rọ̀. Bí o bá fi ẹnu kan etí rẹ̀, tí o dárúkọ ẹni tí o fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ á yọ sí onítọ̀hún lọ́hùn-ún, òun náà á sì dá ọ lóhùn. Ẹ ò rí i pé nǹkan ńlá ni.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta á, wọ́n là á sí méjì ọgbọọgba: àádọ́ta fọ́nrán fún àwòrán, àádọ́ta fún ọ̀rọ̀. Ìgbà tó yá ni Kábíyèsí fi Ìkookò ṣe Alákòóso Okùn. Àna Kábíyèsí ni Ìkookò, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí Ìkookò bá ti dá ètò tuntun sílẹ̀ báyìí, inú fọ́nrán ọ̀rọ̀ ló ti máa mú èyí tí ètò náà máa lò. Ijó Ọ̀bọ gba mẹ́wàá. Ìjàkadì Ìmàdò gba mẹ́rìndínlógún. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní “Kábíyèsí Ń Sinmi”, tí wọ́n fi ń ṣàfihàn Kìnnìún níbi tó ti ń sùn látàárọ̀ dalẹ́, gba ogún, torí wọ́n fẹ́ kí ará ìlú lè ka irun ọrùn Kábíyèsí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún ẹranko ń fún ara wọn mọ́ inú fọ́nrán mẹ́rin. Bí o bá kí àna rẹ kú àárọ̀ ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ ló máa tó gbọ́ ọ, ní alẹ́, á sì rò pé orí rẹ ti dàrú.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù lọ ni Ọ̀yà, opó kan tó ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Koríko, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Àwẹ̀ró. Lọ́dún tó kọjá, nígbà ọyẹ́, àwọn àgbẹ̀ ọmọ ènìyàn dáná sungbó. Ìbátan Bàbá Àwẹ̀ró kan rí iná náà láti òkèèrè, ó sì sáré fi ẹnu kan okùn. Iná ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n ti sin Bàbá Àwẹ̀ró tán kí ohùn ìbátan rẹ̀ tó jáde létí okùn, tó ń pariwo pé, “Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ sá o! Iná ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín!” Ìyá Àwẹ̀ró jókòó ti okùn yẹn, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Lójú àwọ̀n tó wà lókè orí rẹ̀, Ọ̀bọ ń jó.

Ọyẹ́ tún ti dé báyìí. Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti lọ́kọ lọ sí Ẹ̀bá-Ọ̀dàn, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ ṣáná. Kò tíì pé oṣù kan tó bí ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Oorun kò kun Ìyá Àwẹ̀ró mọ́.

“Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ ò ní jókòó ni?” Òkété aládùúgbò rẹ̀ ló ń pè é. Òun àti ìyàwó àtàwọn ọmọ ti tò síwájú àwọ̀n. “Ìmàdò fẹ́ ja ìjà àṣekágbá.”

“Òkété, bí iná bá dé Ẹ̀bá-Ọ̀dàn lónìí, ọjọ́ wo lo rò pé ọmọ mi máa gbọ́ ìkìlọ̀ mi?”

“Ẹ má ro ibi, Ìyá.”

“Mi ò ro ibi. Ìṣirò ni mò ń ṣe.” Ó so ìró rẹ̀ le. “Ààfin ni mò ń lọ. Iná èsìsì kì í jó ni lẹ́ẹ̀mejì.”

“Ẹ kí Kábíyèsí fún wa o,” ni Òkété wí, kò sì gbé ojú kúrò lára àwọ̀n.

Orí àpáta ni ààfin wà, níbi tí koríko kan kò ti hù, tí iná kankan kò dé rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró bá ìgbìmọ̀ níjokòó. Ìkookò wà lọ́tùn-ún, Ọ̀bọ tó jẹ́ Olórí Eré wà lósì, Aláǹtakùn sì lọ́ mọ́ igun kan pẹ̀lú òwú lọ́wọ́. Kábíyèsí fúnra rẹ̀ na gbalaja láàárín wọn, ó dijú. Kò sùn o. Wọ́n ń fi í hàn lọ́wọ́ ni, kò sì gbọdọ̀ lajú títí ètò máa fi parí. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi ń ṣèjọba.

Ìyá Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ogún fọ́nrán ni mo wá tọrọ. Mi ò ní kí ẹ pa àwòrán rẹ́. Ogún péré, kí ọ̀rọ̀ lè máa rìn bó ṣe yẹ. Ọyẹ́ ti ń fẹ́, ọmọ mi wà ní Ẹ̀bá-Ọ̀dàn pẹ̀lú ìkókó mẹ́rin. A kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn.”

Ìkookò rẹ́rìn-ín. Bí Elédùmarè ṣe dá a nìyẹn. Bí ẹ bá túfọ̀ fún un pàápàá, ẹ̀rín ló máa rín.

“Ìyá,” ni Ìkookò wí, “àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àbí wọ́n ní ẹnu lọ̀rọ̀ wà?”

“Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, olóyè.”

“Wọ́n tún ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ ò rí i pé àwọn baba wa ti pín okùn yìí kí wọ́n tó bí Aláǹtakùn.”

Àwọn ìgbìmọ̀ mi orí. Ọ̀bọ pàtẹ́wọ́ díẹ̀, ó rántí pé ètò kọ́ nìyí, ó dáwọ́ dúró.

“Òwe yín dùn, olóyè,” ni Ìyá Àwẹ̀ró dáhùn, “ṣùgbọ́n mi ò lè fi dá iná dúró.”

Kìnnìún kò ṣí ojú. “Aláǹtakùn,” ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu pè é. “Ṣé ogún fọ́nrán yìí ṣòroó yọ ni?”

Aláǹtakùn, ẹ jẹ́ n sọ fún yín, oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Kò mọ irọ́ í pa, nítorí okùn tí a bá fi irọ́ ta, jíjá ló máa já. “Kò ṣòro rárá, Kábíyèsí,” ló wí. “Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, n ó ti parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.”

Ọ̀bọ wúkọ́.

“Kí ló wá dé tí ẹ ò yọ ọ́ látọjọ́ yìí?” ni Ìyá Àwẹ̀ró bi í.

Aláǹtakùn wo ojú Ìkookò, ó wo òwú ọwọ́ rẹ̀. “Ìyá, bó ṣe rí nìyí. Àwòrán, ibì kan ṣoṣo ló ti ń jáde, ọ̀dọ̀ wa níbí ni. Àwa la ń dì í ní dìpọ̀. Ẹni tó fẹ́ wo Ìmàdò, ó di dandan kó gba Ọ̀bọ mọ́ ọn, kó sì gba Kábíyèsí lójú oorun. Bí oṣù bá parí, wọ́n á gbé iṣu wá fún olóyè. Ọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, ibi gbogbo ló ti ń jáde. Bí mo bá yọ ogún fọ́nrán fún yín lónìí, lọ́la Ológoṣẹ́ á máa kọrin láti inú ìtẹ́ rẹ̀, gbogbo igbó á sì gbọ́. Ní ọ̀túnla, Ehoro á máa pa àlọ́ fún ẹni tó bá ń fẹ́. Ta ló máa wá ru iṣu gòkè wá síbí nítorí ijó Ọ̀bọ?”

“Ijó mi dára!” ni Ọ̀bọ ké.

“Ó dára,” ni Aláǹtakùn wí, “fún ẹni tí kò rí òmíràn wò.”

“Ti iṣu nìkan kọ́,” ni Kìnnìún wí lójú dídì. “Bí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ falala, kí ni wọ́n á máa sọ?”

Gbogbo wọn ló mọ ohun tí wọ́n á máa sọ.

Ìkookò dìde. “Kábíyèsí, kí wọ́n má baà ní a fi agbára ṣe é, ẹ jẹ́ ká bi ìlú.”

Àṣà kan wà ní Igbó Amóríyá tí wọ́n ń pè ní Bíbi-Ìlú. Ààfin kì í ṣe ohunkóhun láì ṣe é. Ọ̀bọ ti ẹ̀gbẹ́ Kábíyèsí yọ orí, gbogbo igbó rí i lójú àwọ̀n. “Ẹ̀yin ará Igbó Amóríyá,” ó ní, “ẹni tó bá fẹ́ kí á mú lára àwòrán fún ọ̀rọ̀, kó sọ̀rọ̀ báyìí. A ó kà dé eéje. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje.”

Gbogbo ìgbìmọ̀ fi etí sí ìdí okùn. Kò sí ìró kankan níbẹ̀.

“Ìlú ti sọ̀rọ̀,” ni Ìkookò wí. “Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọn ò dákẹ́. Igba ẹranko ó lé díẹ̀ ló fi ẹnu kan okùn tí wọ́n ń pariwo. Ọjọ́ kẹta ni ohùn wọn dé ààfin. Ẹṣọ́ tó wà nídìí okùn gbọ́ ọ dáadáa, ó sì dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ìpàdé ti tú.

Ìyá Àwẹ̀ró dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó gbàgbé ààfin, ó gbàgbé ọba. “Háà! Ẹ̀yin ará orí àpáta! Iná kì í jó àpáta, àbí? Ọkọ mi kú, ìkìlọ̀ dé lẹ́yìn òkú, ẹ ń kà dé eéje fún mi! Kí ni ọmọ mi jẹ yín? Ọ̀bọ ń jó, Ìmàdò ń jà, Kábíyèsí ń sùn, ta ló ń ṣọ́ iná? Ẹ gbà mí o!” Ó káwọ́ méjèèjì lérí.

Ọ̀bọ la ẹnu sílẹ̀, ó ń wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí Ìkookò létí, ó sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́. Ìkookò wo Ìyá Àwẹ̀ró látòkè délẹ̀, bí ẹni tó rí iṣu ọ̀fẹ́ lójú ọ̀nà. Ó sọ̀kalẹ̀ wá bá a, ó fi ohùn oyin sọ̀rọ̀.

“Ìyá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Kí ló dé tí irú èyí fi máa parí sétí àwa mẹ́rin? Ẹ wá máa sọ ọ́ lójú àwọ̀n, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Gbogbo igbó á gbọ́ yín lójú ẹsẹ̀. Àwẹ̀ró náà á rí yín.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló mú un. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ogún fọ́nrán ló wá tọrọ fún ẹnu gbogbo ìlú. Wọ́n ń fi mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún lọ ẹnu tirẹ̀ nìkan. Àti pé ọmọ rẹ̀ á máa rí i lójoojúmọ́. Bí iná bá dé, òun á ti kìlọ̀ kí ẹni kan tó ṣẹ́jú. Ó gbà. Ẹ má dá a lẹ́jọ́; ẹ̀yin náà ì bá gbà.

“Ẹjọ́ Ìyá Àwẹ̀ró” ni wọ́n pe ètò náà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó jókòó lórí àpótí, ó ro ẹjọ́ ọkọ rẹ̀, ó sọ iye fọ́nrán tó kù fún ọ̀rọ̀, ó sọ ibi tí mẹ́rìndínláàádọ́ta yòókù wọlé sí. Àwọn tó gbọ́ ọ sunkún, wọ́n ní òótọ́ ló ń sọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀bọ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ìyá, ẹ ṣe dáadáa. Àmọ́ ẹ bá wa yọ iye fọ́nrán yẹn kúrò. Ìṣirò ń mú wọn sùn.”

Ó yọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, Ọ̀bọ ní bó bá ti dé ibi “a kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn”, kó káwọ́ lérí bó ti ṣe lọ́jọ́ ìpàdé, kó sì dúró díẹ̀ kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n fi osùn kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kò sí ọmọ ẹranko kan nínú igbó tí kì í káwọ́ lérí bí ìyá rẹ̀ bá ní kó lọ pọnmi, tó ń ké pé, “A kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn!”

Òkété gbé ẹ̀pà wá kí i. “Ìyá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín lánàá! Ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí!”

“Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?”

“Gbogbo ẹ̀ pátá.”

“Kí ni mo sọ?”

Òkété káwọ́ lérí. “A kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn!” Ó ṣubú lulẹ̀, ó ń yí gbiri fún ẹ̀rín.

Ìyá Àwẹ̀ró fajú ro díẹ̀. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ ọn. Ta ló ti ń bá opó rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀? Àwọn tí kì í kí i ti ń kí i. Àgbọ̀nrín tó lówó pàápàá yà lójú ọ̀nà fún un. Lọ́jọ́ kan, ó ń lọ sílé, ó rántí lójijì pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà tí òun ti dárúkọ fọ́nrán kẹ́yìn. Ó ní òun á sọ ọ́ lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, Ọ̀bọ ní àkókò ò ní tó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an, wọ́n ń kun osùn fún un lọ́wọ́ ní ààfin, ni Àwòdì bà sórí àpáta. Ẹ mọ iṣẹ́ Àwòdì: níbi tí igbó bá ti ń jó, ibẹ̀ ló ti ń gbé tata tó ń sá fún iná.

“Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ kúuṣẹ́ o,” ni Àwòdì wí, ó ń nu ẹnu. “Mo ń bọ̀ láti Ẹ̀bá-Ọ̀dàn. Wọ́n ti ṣáná sí i. Ọ̀nà mẹ́ta ló ti ń bọ̀, ó sì dorí kọ Ìsàlẹ̀ Koríko.”

“Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé o rí Àwẹ̀ró?”

“Èéfín ò jẹ́ kí n rí nǹkan kan, Ìyá. Tata nìkan ni mo rí.”

Igbá osùn dà nù. Ìyá Àwẹ̀ró sáré lọ sídìí okùn láti ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Ẹranko tó tò síbẹ̀ kò lóǹkà. Túùkú ló wà níwájú, ó ń kí àwọn àna rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdílé àna Túùkú sì pọ̀. Ìkookò rí i, ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá, kí lẹ wá ń ṣe níbi fọ́nrán mẹ́rin? Ẹ̀yin tí ẹ ní mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún!”

Òótọ́ ni. Ó yí padà, ó já wọ iwájú àwọ̀n, osùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lójú. “Iná! Iná ti dé Ẹ̀bá-Ọ̀dàn! Ó ń bọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Koríko! Ẹ sá lọ sódò! Eré kọ́ rèé o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, eré kọ́ rèé! Àwẹ̀ró, kó àwọn ọmọ ẹ, sá!” Ẹkún gbà á lẹ́nu. Ó sì ṣe ohun tí abiyamọ máa ń ṣe bí ọ̀ràn bá dé ojú ẹ̀: ó káwọ́ méjèèjì lérí.

Òun fúnra rẹ̀ ló rí ọwọ́ náà lórí ara rẹ̀. Ó yára sọ ọ́ kalẹ̀. Ó kọjú sí Ọ̀bọ. “Ṣé wọ́n gbọ́? Ṣé wọ́n ń sá?”

“Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?” ni Ọ̀bọ dáhùn. “Àwọ̀n kì í gbọ́ràn, Ìyá. Wíwò ni wọ́n ń wò ó.”

Kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó ti já sílẹ̀ lórí àpáta. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìkookò ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àwọ̀n, kí wọ́n ṣì máa fi àpótí tó dìde lórí ẹ̀ hàn. Ó ní irú ẹ̀ máa ń mú wọn lọ́kàn.

Ìyá Àwẹ̀ró sáré dé Ìsàlẹ̀ Koríko. Níwájú ihò Òkété, òun àti ìyàwó àtọmọ, gbogbo wọn káwọ́ lérí, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àpótí òfìfo.

“Òkété! Dìde! Iná ń bọ̀!”

Òkété wẹ̀yìn, ó rí i. Ó tún wo àwọ̀n. Ó tún wo Ìyá Àwẹ̀ró. “Ìyá! Ẹ̀yin náà rèé! Àṣé ẹ lè ti ibẹ̀ wá síbí? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá wo Ìyá!”

“Mo ní iná ń bọ̀!”

“A ti gbọ́, a ti gbọ́. Ti òní yìí ló dára jù. Bí ẹ ṣe sunkún yẹn, ó jọ òótọ́ gidi.”

Ìyá Àwẹ̀ró fi eyín ọ̀yà méjèèjì bu àwọ̀n náà, ó fà á ya. Ihò ńlá yọ lára rẹ̀, èéfín sì gba ibẹ̀ yọ sí wọn.

“Kí lẹ ṣe fún mi yìí?” Òkété fò sókè, inú bí i. “Àwọ̀n tí mo san ti odidi ọdún! Ẹ ò…” Ó fọn imú. “Kí ló ń rùn?”

Ìgbà yẹn ló sá. Ìyá Àwẹ̀ró ya àwọ̀n ihò méje, wọ́n bú u lẹ́nu ihò méjèèje, wọ́n sì sá ní méjèèje. Iná ti ń ta pàrà lókè, kò lè ya ti ìkẹjọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń rò. Ó gba ojú ọ̀nà Ẹ̀bá-Ọ̀dàn, ó ń pe Àwẹ̀ró, ohùn rẹ̀ ti há.

Ní ẹsẹ̀ odò, ó bá ọmọ rẹ̀. Àwẹ̀ró rin gbingbin, ìkókó mẹ́rin lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò sí èyí tí irun rẹ̀ jó. Ìyá Àwẹ̀ró wó lulẹ̀, ó gbá wọn mọ́ra lápapọ̀. “Ọmọ mi! Ọlọ́run ṣeun! O rí mi lójú àwọ̀n! O gbọ́ mi!”

“Rárá, Ìyá.” Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. “Kí ètò yín tó bẹ̀rẹ̀ ni èyí tó kéré jù nínú wọn ti gun àwọ̀n, tó já a lulẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ kí wọ́n wá tún un ta, iṣẹ́ náà ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìgbà tí kò sí ohun tí a ń wò, a kàn ń jókòó síta lásán. Ibẹ̀ la wà tí mo gbọ́ òórùn iná, ni mo bá kó wọn. Àwọn ará ilé kejì ní ẹ̀yin lẹ wà lójú àwọ̀n, pé mi ò gbọdọ̀ má wá wò yín. Mo ní ẹ jọ̀wọ́, iná ni mò ń gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin náà ń sọ ọ́ lọ́wọ́.”

“Àwọn ará ilé kejì yẹn dà?”

Àwẹ̀ró fa ọmọ rẹ̀ kan mọ́ àyà.

Ọjọ́ méjì ni igbó fi jó. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn tó ṣẹ́kù kóra jọ sí etí odò, ìrù jó lára ẹlòmíràn, etí jó lára ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń pe orúkọ wọn tí wọn ò dáhùn. Kìnnìún sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta pẹ̀lú ìgbìmọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ là rekete, nítorí kò sí àwọ̀n kankan mọ́ tó máa fi í hàn. Okùn ti jó láti ìdí dé orí.

Aláǹtakùn gbé òwú tuntun sílẹ̀. “Kábíyèsí, àtìbẹ̀rẹ̀ ni n ó ti ta á. Ọgọ́rùn-ún fọ́nrán náà rèé, kò tíì sí ẹni tó ni ọ̀kankan nínú wọn. Báwo ni ká ṣe pín in?”

Ìkookò yára la ẹnu, ṣùgbọ́n Kìnnìún na ọwọ́ sí i. Ó wo àwọn ẹranko tí wọ́n ṣẹ́kù, bóyá àánú wọn ṣe é, bóyá iṣu ló ń rò, a ò mọ̀. “Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́,” ó ní. “Iwájú mi lẹ dúró sí, etí mi ń gbọ́ yín. Mi ò ní kà dé eéje.”

Irú àǹfààní yìí kò tíì wáyé rí ní Igbó Amóríyá. Ìyá Àwẹ̀ró bọ́ síwájú. “Àádọ́ta fún ọ̀rọ̀, Kábíyèsí! Ẹ pín in ní ọgbọọgba bíi ti ìbẹ̀rẹ̀! Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi sọ ọ́!”

Gbogbo wọn ń wo ara wọn. Òkété tó jó nírù gbọ́wọ́ sókè.

“Kábíyèsí,” ó ní, “ṣé ètò Ìyá Àwẹ̀ró máa padà?”

Ariwo sọ. “Àwòrán! Àwòrán! Ẹ dá Ìyá Àwẹ̀ró padà fún wa!” Wọ́n káwọ́ lérí, àtàwọn tí ọwọ́ wọn jó pàápàá. Aláǹtakùn bẹ̀rẹ̀ sí ka òwú, mẹ́rin sápá kan, ìyókù sápá kejì.

Ìyá Àwẹ̀ró yí padà, ó ń wá ẹni kan ṣoṣo tó máa bá a dúró. Ó rí Àwẹ̀ró láàárín èrò. Ọwọ́ òun náà wà lókè, ọwọ́ ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè.

“Àwẹ̀ró! Ìwọ náà?”

“Ẹ má bínú, Ìyá,” ni Àwẹ̀ró wí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. “Gbogbo ayé ló ti rí yín. Èmi nìkan ni mi ò tíì rí yín.”